Ààlà, Aládùúgbò àti Òfin: Kí Ni Òfin Ìwọlé-Wọ̀de Nàìjíríà Gbọ́dọ̀ Máa Ṣọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ààlà àti ìwọlé-wọ̀de kò kan ìlú bíi Ibeshe ní agbègbè Ìkòròdú, tó wà létí ọ̀sà, tí kò sì bá orílẹ̀-èdè mìíràn pààlà lójúkojú.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ibeshe gan-an. Omi tí ọkọ̀ èrò ń gbà kúrò ní èbúté ìlú yìí ni omi kan náà tó gba Èkó kọjá lọ sí Àgbádárìgì, tó sì bá ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ sí Porto-Novo, pàdé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kí òyìnbó tó fa ilà kankan sórí máàpù ni ọ̀nà omi yìí ti jẹ́ ọ̀nà òwò, ọ̀nà ìgbéyàwó àti ọ̀nà ìsásàlà fún àwọn tó ń gbé etí rẹ̀, bó sì ṣe wà títí di òní nìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé dání: irú òfin wo ló lè dáàbò bo ààlà Nàìjíríà lápá Ìwọ̀-oòrùn láì sọ aládùúgbò di ọ̀daràn? Ìdáhùn tí yóò máa jẹyọ láti ìpele dé ìpele ni pé òfin tó bá ka gbogbo ẹni tó sọdá ààlà sí ohun kan náà kò lè ṣọ́ ààlà. Òfin tó lè ṣọ́ ọ ni èyí tó kọ́kọ́ dá aládùúgbò mọ̀, tó fún un ní ìwé àti ọ̀nà tó bófin mu, kí ojú àti agbára ìjọba lè ṣẹ́kù fún ẹni tó ń gbé ìbọn, ẹni tó ń ta ènìyàn, àti onífàyàwọ́ ńlá.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó yé gbogbo àpéjọ yìí ni ààlà. Lójú òfin, ààlà ni ilà tí orílẹ̀-èdè méjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tí àwọn awọnlẹ̀ wọ̀n, tí wọ́n sì ri òpó àmì mọ́lẹ̀ láti fi í hàn. Agbègbè ààlà yàtọ̀ sí i: ìyẹn ni àwọn ìlú, oko, ọjà àti omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilà náà, tí ìgbé-ayé wọn ti wọnú ara wọn débi pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní apá kan kò ní í ṣàì kan apá kejì. Ẹnubodè sì ni ibi kan pàtó lórí ilà yẹn tí ìjọba fi òṣìṣẹ́ sí láti yẹ ìwé àti ẹrù wò. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ìjọba máa ṣọ́ ẹnubodè, kí ó sì máa rò pé ààlà ni òun ń ṣọ́. Ní ọdún 2013, Abba Moro, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnubodè 84 ni ìjọba fọwọ́ sí lórí ilẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwọn ènìyàn ń gbà wọlé lé ní 1,400. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ilẹ̀kùn 84, tí èyí tó lé ní 1,400 ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò tíì ti ilé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àjèjì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 25 sí 27, la ọ̀nà mẹ́ta tí ènìyàn fi lè di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí: nípa ìbí, nípa ìforúkọsílẹ̀, àti nípa kí àjèjì tó ti gbé níbí fún ọdún 15 bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá sí nínú èyíkéyìí nínú wọn, àjèjì ni lójú òfin, ìbáà jẹ́ pé èdè kan náà ló ń sọ, oríkì kan náà ni wọ́n ń kì í, ọjà kan náà ló sì ń ná pẹ̀lú ẹni tó ń pè é ní àjèjì.

Ìwé ìrìnnà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ àti orílẹ̀-èdè tó ni ín. Físà ní tirẹ̀ jẹ́ àṣẹ tí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ń lọ fún un pé ó lè wá síbi ẹnubodè wá béèrè ààyè láti wọlé, ó ṣì kù sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ láti gbà á tàbí kí ó dá a padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn máa ń pòpọ̀, tí ìpòpọ̀ náà sì ń ṣe ìpalára. Fàyàwọ́ ni kíkó ẹrù tí òfin kà léèwọ̀ tàbí ẹrù tí wọn kò san owó orí rẹ̀ gba ààlà kọjá. Òwò ìsọdá ni kí ẹnì kan gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹni náà, láti bá a wọ orílẹ̀-èdè tí kò ní ìwé àtiwọ̀. Òwò ènìyàn ni kí wọ́n fi ẹ̀tàn tàbí ipá kó ènìyàn lọ síbi tí wọn yóò ti máa jẹ èrè lára rẹ̀, yálà nídìí aṣẹ́wó ni tàbí nídìí iṣẹ́ ẹrú. Òfin ọdún 2003, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2015, ni àjọ NAPTIP fi ń gbógun ti òwò ènìyàn, nígbà tí òfin ìwọlé-wọ̀de ti ọdún 2015 ní apá tirẹ̀ tó dojú kọ òwò ìsọdá. Kò sí èyí tó bá obìnrin tó ń gbé gàrí lọ sọ́jà òdìkejì mu nínú òwò méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n bí àwọn agbófinró ṣe ń ṣe sí i lójú ọ̀nà kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

2. Bí ilà náà ṣe dé

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ ìpín ilẹ̀ náà láti etí òkun lọ sókè. Àwọn àdéhùn mìíràn tẹ̀lé e, àwọn awọnlẹ̀ sì dé, nígbà tí wọ́n sì parí, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọ́bẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìpókíá àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmẹ̀kọ ń sin Alákétu tẹ́lẹ̀. Nínú òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọba wà ní ilẹ̀ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ni ó kọ́kọ́ fi ìwádìí tó jinlẹ̀ gbé ìtàn yìí kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976 lórí ilẹ̀ Yorùbá ti apá Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ ìjọba òyìnbó láti 1889 sí 1945. Nínú àwọn ohun tó fi hàn, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin òde òní máa rántí nígbà gbogbo. Nígbà tí ìjọba Faransé ń fi tipátipá kó àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, tí ó ń mú ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun fún ogun àgbáyé, tí aláṣẹ kan sì lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n láìsí adájọ́, ńṣe ni abúlé odindi ń di ẹrù wọn, tí wọ́n ń sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀tẹ̀ ni Asiwaju pe ìṣípòpadà náà, ó sì tọ̀nà. Àwọn tó ń gbé agbègbè ààlà mọ ìlò ilà náà ju àwọn tó fà á lọ, wọ́n ti ń yan ìjọba tó dára fún wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn láti ìgbà náà. Òfin tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìdí láti gba ojú títì.

3. Òfin tó wà nílẹ̀

Lábẹ́ ọlọ́pàá ni iṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de wà kí wọ́n tó yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1958, òfin tó sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Òfin yẹn ni wọ́n ń lò fún ọdún tó lé ní àádọ́ta kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó buwọ́ lu èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ìlànà físà tuntun tó pín físà sí ọ̀nà 79, ìjọba tó tẹ̀ lé e sì gbé físà orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 2025.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin abẹ́lé ni àdéhùn ECOWAS, àjọ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wà. Ní Èkó níbí ni wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà ní Dakar. Àdéhùn yìí ló jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìní físà fún ọjọ́ 90, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tó dúró ṣinṣin àti ìwé àjẹsára, tí òfin orílẹ̀-èdè náà kò sì kà á mọ́ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Iṣẹ́ ńlá ni àdéhùn náà ṣe. Síbẹ̀, ohun kan náà ló béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ bàálù láti Èkó lọ sí Dakar àti lọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ wà ní apá kan ilà, tí ilé rẹ̀ wà ní apá kejì, tó sì ń sọdá kí oúnjẹ àárọ̀ tó jiná. Ìwé ìrìnnà wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń gbà á jìnnà sí abúlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ ará ààlà kò ní i, wọn kò sì lè dúró de ẹni tí yóò fún wọn.

Ibi tí ọkàn àwọn aṣèlànà wà hàn nínú ohun tí wọ́n ń yára ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde owó orí tuntun lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè: dọ́là 15,000 lórí ọ̀gá àgbà, dọ́là 10,000 lórí àwọn yòókù. Kí oṣù kẹta tó parí, wọ́n ti dá a dúró. Pápákọ̀ òfúrufú, olùdókòwò àti dọ́là ni àríyànjiyàn náà dá lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ààlà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn kọjá kò sí nínú rẹ̀.

4. Ẹ̀kọ́ tí pípa ẹnubodè dé kọ́ni

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹwàá, kò sí ẹrù kankan tó gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé tàbí jáde. Ìdí tí wọ́n sọ kò ṣòro láti lóye: ìrẹsì tó ń ti Kútọnu wọlé ń pa ọjà àgbẹ̀ ilé, epo bẹntiróòlù tí owó ìrànwọ́ ìjọba wà lórí rẹ̀ nígbà náà ń jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, ìbọn sì ń wọlé. Òótọ́ ni ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkòròdú pàápàá, ìlú tí iṣẹ́ aṣọ híhun ti gbilẹ̀ nígbà kan, mọ ohun tí aṣọ fàyàwọ́ ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ àti fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá padà sílé, nítorí náà kò sí ẹni tó lè wí fún ará agbègbè yìí pé fàyàwọ́ kò léwu. Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì kan sì jèrè nínú títì ẹnubodè náà, kò yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè ààlà? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ mìíràn jáde pé kò gbọ́dọ̀ sí epo tí wọn yóò gbé lọ sí ilé epo tó bá wà láàrin kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí ń lo epo, ọ̀kadà tó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn ń lo epo, jẹnẹrétọ̀ ilé ìtọ́jú aláìsàn ń lo epo. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tó ń gbé láàrin kìlómítà 20 yẹn, wọn kò sì dẹ́ṣẹ̀ kankan ju pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Ó yẹ kí àpéjọ yìí wo ìrìn alájàpá kan ṣoṣo dáadáa, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàrin Ìdí-Ìrókò àti Ìgòlò tó kọjú sí i lápá kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ó ti di gàrí rẹ̀ sínú àpò, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ wà lọ́jà òdìkejì, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó relé ọkọ ń bá a tọ́jú àtẹ. Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan lórí ọ̀kadà ni. Nígbà tí ẹnubodè ṣí, ojú títì ló ń gbà, òṣìṣẹ́ tó bá pàdé níbẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú, ó sì mọ irú ẹrù tó máa ń gbé. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa, ọlọ́kadà gbé e gba inú oko, ó san owó fún ẹni tó mọ ọ̀nà, ó san fún ẹni tó fi igi dí ẹsẹ̀ ọ̀nà, ó sì tún san nígbà tó ń padà bọ̀. Èrè ọjọ́ náà lọ sára ìsọdá. Ìjọba náà pàdánù, nítorí pé ẹni tí wọ́n ti ń rí lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó rí i mọ́, ó sì wà lójú ọ̀nà kan náà báyìí pẹ̀lú onífàyàwọ́ tó kó ìrẹsì àti ẹni tó di ìbọn sísàlẹ̀ ẹrù. Bí àṣẹ náà ṣe ń sọ pé òun ń fọ́n wọn ká, ńṣe ló kó wọn pọ̀.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin padà, Sèmè sì wà lára wọn. Ìdí-Ìrókò kò sí nínú wọn. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ṣí, ìyẹn ni pé ìlú kan wà ní títì fún ọdún méjì àti ààbọ̀ ó lé. Ìrẹsì òkèèrè kò kúrò lọ́jà ní gbogbo àkókò náà, owó rẹ̀ ló gun òkè. Ohun tó tún dun ni ni pé ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣí ẹnubodè alájọlò ti Sèmè àti Kraké, ilé tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kí àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jókòó sójú kan, kí arìnrìn-àjò má ṣe máa tò lẹ́ẹ̀mejì. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi tì í.

5. Ojú omi

Títí di ìsinsìnyí, orí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibeshe, Bàyékù, Ìpákòdò, Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo ìlú etí ọ̀sà mọ̀ pé omi kò ní òpó àmì. Wọ́n tún mọ ohun tí àìsí ìṣọ́ lórí omi lè mú wá. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú, wọ́n sì jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé. Ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 2017, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà lọ, oṣù méjì ó lé ni àwọn òbí wọn sì fi wà láìfojú kan wọn. Inú irà àti ọ̀nà omi ni àwọn wọ̀nyí fi ṣe ibùba. Pásípọ́ọ̀tù àti físà kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn rárá, kò sì sí ẹnubodè kankan tí títì rẹ̀ ìbá ti dá wọn dúró.

Ta ni ó mọ̀ pé ọkọ̀ àjèjì wọ omi lóru? Apẹja ni. Ìlàjẹ wà lára wọn, Ègùn wà lára wọn, àwọn Ègùn yìí ní ẹbí ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n sí ọ̀sà Èkó láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n mọ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ara wọn, wọ́n mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìdí láti gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n apẹja tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ òun, tí wọn yóò sì gba owó ẹja ọjọ́ náà lọ́wọ́ òun, kò ní í tọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ láti sọ ohun tí ó rí. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni ihò tó tóbi jù lọ nínú ìṣọ́ omi Èkó. Bí òfin bá fún un ní ìwé tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí apẹja agbègbè yìí, òfin ti gba olùṣọ́ tí kò náwó, tó sì wà lójú omi ní gbogbo òru.

6. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ènìyàn máa lọ

Kò sí ìdí láti pẹ́ púpọ̀ lórí ìpele yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà níbí ló mọ bí lílé ènìyàn kúrò nílùú ṣe rí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà sì padà wálé, wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1983, Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀, ó lé ọ̀pọ̀ àjèjì lọ, ó sì tún ṣe é ní ọdún 1985. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọdún 1983 jẹ́ ọmọ Gánà, Sèmè ni ọ̀pọ̀ wọn gbà jáde, orúkọ “Ghana Must Go” tí wọ́n fún àpò tí wọ́n fi di ẹrù sì wà lẹ́nu títí di òní. Kò sí èyí tó mú ọrọ̀-ajé sàn nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti yíjú sí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti mú aya, ọkọ àti ọmọ dání. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò àwọn ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ Yorùbá ké, wọ́n ní ẹ̀bi aláìṣẹ̀ ni wọ́n ń gbé rù wọ́n. Ẹni tó bá ń ké bẹ́ẹ̀ ní London gbọ́dọ̀ lè gbà pé alájàpá tó ti Ìgòlò wá pẹ̀lú lẹ́tọ̀ọ́ sí irú igbe kan náà ní Ìdí-Ìrókò.

7. Ohun tí òfin tuntun gbọ́dọ̀ ní nínú

Ohun àkọ́kọ́ ni káàdì ará ààlà. Kí ó wà fún ẹni tó bá ti gbé ní agbègbè ààlà fún ọdún kan ó kéré tán, kí ó so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kí owó rẹ̀ má ju ohun tí apẹja lè san lọ, kí wọ́n sì máa fún un ní ìlú rẹ̀ dípò olú ìlú. Káàdì yìí kò ní í gbé e kọjá agbègbè tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Kì í ṣe àlá. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe irú òfin yìí ní ọdún 2006 fún àwọn tó ń gbé láàrin kìlómítà 30, tó lè dé 50, sí ààlà ìta rẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ìwé tó lè lo ọdún kan sí márùn-ún. Nígbà tí Poland rí i pé ewu wà ní ọdún 2016, ó dá ìlò ìwé náà dúró pẹ̀lú agbègbè Kaliningrad ti Rọ́ṣíà. Ìyẹn fi hàn pé káàdì kò gba agbára lọ́wọ́ ìjọba. Ó fún un ní ohun tó lè dá dúró láì ti gbogbo ìlú pa.

Àwọn kan yóò sọ pé ayédèrú yóò kún ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ayédèrú káàdì fi ipa sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ẹ̀bùrú kò fi ipa kankan sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àdéhùn ECOWAS ti tó. Abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 dá wọn lóhùn: àdéhùn tí Nàìjíríà bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nílé àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà inú òfin ìwọlé-wọ̀de fúnra rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ará ààlà gbọ́dọ̀ wà, ní kíkọ, kí òṣìṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà má lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Ohun kejì ni ẹnubodè kéékèèké, lórí omi pẹ̀lú, láti Àgbádárìgì lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de àti ọlọ́pàá ojú omi yóò ti máa fi orúkọ apẹja àti ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kẹta ni kí ìjìyà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu: kí owó ìtanràn díẹ̀ wà fún ẹni tó gbàgbé káàdì sílé, kí ẹ̀wọ̀n tó nípọn wà fún ẹni tó ta ènìyàn tàbí tó gbé ìbọn, kí òṣìṣẹ́ tó bá gbowó lẹ́yìn kí wọ́n lè kọjá sì jẹ nínú ẹ̀wọ̀n náà.

Ohun kan wà tó ju òfin ìwọlé-wọ̀de lọ, tí a kò sì gbọ́dọ̀ fò dá. Abala 26 ìwé òfin gba obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láàyè láti forúkọ sílẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò fún ọkùnrin tó fẹ́ ọmọbìnrin Nàìjíríà ní ààyè kan náà. Ní agbègbè ààlà, níbi tí ìgbéyàwó ti ń lọ síwá-sẹ́yìn lójoojúmọ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọmọbìnrin Ìpókíá tó fẹ́ ọkọ láti Pọ́bẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń gbé ní Ìpókíá, ń gbé pẹ̀lú àjèjì títí ọdún 15. Àbá àtúnṣe kan dé iwájú àwọn aṣòfin, wọ́n dìbò lé e lórí ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2022, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Àìtọ́ gbáà ni ìdìbò yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n gbé àbá náà padà wá.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé-wọ̀de, físà àti pásípọ́ọ̀tù wà lára ohun tí ìwé òfin fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ilé aṣòfin Èkó kò lè ṣe òfin lé e lórí. Iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ni ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Kí àbá tó di òfin, wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ilé méjèèjì, ìgbìmọ̀ yóò sì pe ìjíròrò ìta gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ìwé wá tàbí kí ó wá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn amòfin àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti máa ń gbọ́ jù, apẹja kì í sí níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sí ẹgbẹ́ apẹja, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni pé kí wọ́n jọ kọ ìwé kan, kí wọ́n fi orúkọ àti ọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gbé e lọ fún sẹ́nétọ̀ ẹkùn Ìlà-oòrùn Èkó àti àwọn aṣojú Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nílùú Àbújá, kí àbá òfin ìwọlé-wọ̀de tó kàn tó dé ìkà kejì.